Iná Tí Màmá Ẹ̀pẹ́ Fi Yìnyín Pa

Nígbà tó ku díẹ̀ kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ màmá àgbà wa bẹ̀rẹ̀, Alfa tí yóò ṣe wáàsí fa bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú iṣẹ́ wo gan-an ni Alhaja Sálámátù ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì? Mo fẹ́ mẹ́nu bà á, mi ò sì fẹ́ ṣì í sọ." Bàbá mi wojú mi, èmi náà wojú rẹ̀. Iṣẹ́ Màmá kì í ṣe èyí tí èèyàn lè ṣàlàyé lórí ìdúró. Níkẹyìn bàbá mi ní, "Alfa, iná ni wọ́n máa ń pa."

Bí Alfa ṣe dìde nìyẹn, níwájú gbogbo èèyàn tó jókòó lábẹ́ kánópì níta ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún obìnrin tó gun àkàbà nílùú òyìnbó, tó gbé páìpù omi lé èjìká, tó ń fa àwọn ọmọ ọlọ́mọ yọ nínú ilé tó ń jó. Àwọn èèyàn ń ké "Àlááhù Àkúbárù!" Bọ̀dá Súràjù, àbúrò bàbá mi, fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Àwọn aládùúgbò rò pé ẹkún ló ń sun, wọ́n ń fọwọ́ rà á lẹ́yìn, wọ́n ní kó mú un mọ́ra bí ọkùnrin. Ẹ̀rín ló ń rín. Nígbà ayé Màmá, tí ẹnikẹ́ni bá ṣi iṣẹ́ rẹ̀ sọ, kì í tún un ṣe fún onítọ̀hún. Ohun tó máa ń sọ fún wa ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ṣáà ti mọ̀ pé iná wà níbẹ̀."

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tán. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣáájú mi ṣì wà, wọ́n lè sọ bó ṣe jẹ́ ọmọ oníṣòwò ẹja létí ọ̀sà, bó ṣe lọ sílé-ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, bó ṣe tẹ̀ lé bàbá àgbà wa lọ sókè òkun, tí òun náà sì kàwé tirẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi di onímọ̀ físíìsì. Èmi Kúdírá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni bó ṣe máa ń jókòó, bó ṣe máa ń jà, àti ohun tó máa ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì bínú pé "ó" ni mò ń kọ dípò "wọ́n". Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ó ní, "Èèyàn kan ṣoṣo ni mí. Má jẹ́ kí wọ́n rò pé mo pọ̀."

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó wá kí wa nílé wa ní Lasunwon, ní Ìkòròdú. Ó wọ sálúbàtà, ó kọjá sí òdìkejì títì lọ́dọ̀ fọkanáísà, ó ní kó yá òun ní túùbù táyà ọkọ̀ ńlá tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Fọkanáísà ní, "Alhaja, ṣé ẹ fẹ́ fi lúwẹ̀ẹ́ padà sí Ẹ̀pẹ́ ni?" Màmá ní, "Rárá o. Oòrùn ni mo fẹ́ kó sínú ẹ̀."

Ó gbé túùbù náà sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní kí n fojú inú wo ẹ̀rọ kan tó rí báyìí, tó ga ju ilé wa lọ, tí ara rẹ̀ jẹ́ irin, tí inú rẹ̀ sì ṣófo. Wọ́n á tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á mú un gbóná títí tí kò ní jẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́, á wá di irú iná kan tí wọ́n ń pè ní plásímà. Nínú iná yẹn, àwọn átọ́ọ̀mù kéékèèké á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, bí wọ́n ti ń ṣe nínú oòrùn, agbára ńlá á sì máa jáde. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé lọ́jọ́ kan, agbára náà á di iná mànàmáná tí a ó fi máa tan gílóòbù nínú ilé. Kò sí ìkòkò tó lè gba irú iná bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, irin òòfà ńláńlá ni wọ́n fi ń gbé e dúró láàárín, kí ó má baà kan ògiri.

Mo ní, "Tó bá wá kan ògiri ńkọ́, Màmá?"

"Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ mi wà."

Ó ní ìgbà mìíràn wà tí iná náà á máa yí lọ jẹ́jẹ́, tí á sì ṣàdédé dàrú. Á wó kí èèyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo ooru rẹ̀ á lọ lu ojú kan lára ògiri, á sì yọ́ irin. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè yára bá ìdàrú yẹn fúnra rẹ̀. Àmì rẹ̀ tó máa ń ṣáájú ni wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n á ti sọ afẹ́fẹ́ kan di yìnyín, wọ́n á kì í sínú páìpù bí ọta sínú ìbọn. Tí àmì bá ti yọ, wọ́n á yìn ín. Páìpù náà tẹ̀ kọ́rọ́ níbi ẹnu rẹ̀. Yìnyín á sọ lù ú, á fọ́ wẹ́wẹ́, á sì wọnú iná bí òjò wínníwínní. Iná á kú. Ooru rẹ̀ á tàn káàkiri bí ìmọ́lẹ̀, gbogbo ògiri á pín in gbé, kò ní síbi kan tí yóò jó.

Mo ronú sí i. Mo ní, "Nígbà náà, ẹ̀yin lẹ máa ń pa oòrùn wọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí wọ́n lè tún un tàn lọ́la ni, ọmọ mi."

Gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ Màmá ló mọ̀ nípa Pítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan ni nígbà yẹn, ó ń ṣe ìwádìí tí yóò fi gboyè ọ̀mọ̀wé níbi ẹ̀rọ náà. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ohun tí Pítà ń wá ni ọ̀nà tí iná náà á fi pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ó ti dúró tipẹ́ kó tó kàn án, ọjọ́ tó sì kàn án ni ọjọ́ ìkẹyìn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n máa tú inú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n á tún un kọ́ lọ́nà mìíràn. Kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń yin yìnyín fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú iná tí Pítà fẹ́ dá yìí, kọ̀ǹpútà ò tíì mọ àmì rẹ̀ dáadáa, wọ́n wá ní kí èèyàn jókòó tì í, kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Màmá ni wọ́n fi síbẹ̀.

Iná tàn, ó sì dúró. Bó ṣe ń pẹ́ sí i, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí àga wọn. Ni Màmá bá rí i tí ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà ń mì. Ó lè jẹ́ ìdàrú ló ń bọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé yóò mì díẹ̀, yóò sì fara balẹ̀. Màmá tẹ bọ́tìnnì. Yìnyín wọlé, iná kú, ògiri ò ní àpá kankan. Pítà yíjú sí i, ó ní, "Ẹ ti pa iṣẹ́ mi." Ó jáde. Ibòmíràn ló ti lọ parí ìwé rẹ̀, kò sì bá Màmá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìṣòro iṣẹ́ yẹn nìyẹn. Ẹni tó bá pa iná ilé, aráyé á rí ibi tó jó dé. Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́ lásìkò, kò sí ohun tó máa fi hàn. Bó bá jẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́ lásán, kò sí ohun tó máa fi hàn náà. Títí ó fi darúgbó, kò mọ̀ bóyá ó gba ẹ̀rọ là ni, àbí ńṣe ló ba tọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Tó bá kírun tán, mo máa ń gbọ́ orúkọ Pítà nínú àdúrà rẹ̀, láàárín orúkọ àwa ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń tọrọ fún un. Ó ní, "Mo ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí n mọ̀ kí n tó kú, kó sì jẹ́ kí ọmọ yẹn bá mi sọ̀rọ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé, mo ti gbà á."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ń banújẹ́ kiri o. Mi ò tíì rí àgbà tó ń gbádùn ayé rẹ̀ tó o. Ó ní àṣà kan tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín: kò lè kọjá lára ohunkóhun tó ń gbóná kó má fọwọ́ kàn án. Á fọwọ́ kan ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, á fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù, á fọwọ́ kan iwájú orí gbogbo ọmọ tó bá sáré wọlé. Jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò wa ní Lasunwon, Bàbá Tọ̀míwá, ọmọ Ọ̀ṣun tó ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, Màmá gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá, ó fọwọ́ súnmọ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ náà, ó rí i pé ó ti gbóná jù, ó sì pa á. Igbe ta nínú ilé. Bàbá Tọ̀míwá sáré jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì: "Alhaja! Ẹ gbà mí o! Pẹnáritì ni wọ́n fẹ́ gbá!" Màmá ò tilẹ̀ dúró. Ó ní, "Jẹ́nẹ́rétọ̀ rẹ ló fẹ́ gbá ọ. Lọ bi ará iwájú bóyá ó wọlé."

Nínú yàrá iṣẹ́ wọn lọ́hùn-ún, òfin kan wà: ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi í léèrè ìdí títí gbogbo wọn á fi jẹun. Wọ́n ní ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìbéèrè, ọwọ́ rẹ̀ á pẹ́ kó tó gbéra. Màmá kó òfin náà wá sílé. Tí ìjà bá ń gbóná nínú ẹbí wa, ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọdé, lẹ́tọ̀ọ́ láti kígbe pé, "Mo tẹ̀ ẹ́!" Ìjà gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, oúnjẹ á sì ṣáájú àlàyé.

Iléyá ọdún kan, bàbá mi àti Bọ̀dá Súràjù ń jà lórí ibi tí a ó ti pa àgbò. Bàbá mi ní Ìkòròdú ni, torí òun ló bọ́ ọ. Bọ̀dá Súràjù ní ilé baba àwọn ní Ẹ̀pẹ́ nìkan ló yẹ.

"Ẹ̀yin lẹ bọ́ ọ? Àgbò tó ń jẹ èèpo iṣu aládùúgbò kiri!"

"Súràjù, mo jù ọ́ lọ o!"

"Ẹ jù mí lọ lóòótọ́. Àgbò ò jù mí lọ!"

Bàbá mi ti ń ká ọwọ́ agbádá sókè. Mo kígbe, "Mo tẹ̀ ẹ́!" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, àgbò nìkan ló ń ké. Àwọn méjèèjì jókòó bí ọmọ ilé-ìwé, ìyá mi bu ìrẹsì fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́ láìwo ara wọn. Nígbà tí wọ́n jẹ tán, Màmá yíjú sí mi. "Ó yá, Kúdírá, kí lo rí tó o fi tẹ̀ ẹ́?" Mo ní ebi ló ń pa mí. Bọ̀dá Súràjù fẹ́ fò dìde. Màmá na ìka sí i, ó ní, "Jókòó. Ọmọ rí àmì, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ìdí tó dáa ni." Ìkòròdú la ti pa àgbò náà, Ẹ̀pẹ́ la ti jẹ ẹ́.

Kí n má parọ́, òun gan-an ni a máa ń tẹ̀ ẹ́ fún jù. Ó fẹ́ràn àríyànjiyàn bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Lọ́jà ẹja Ẹ̀pẹ́, àwọn ìyá ẹlẹ́ja á rí i lókèèrè, wọ́n á ní, "Ìyá Oníyìnyín ti dé o!" Bí wọ́n ṣe ń to yìnyín sórí ẹja ni kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ẹ fọ́ ọ! Ẹ fọ́ yìnyín yẹn wẹ́wẹ́! Odindi yìnyín kì í mú ẹja tutù, ńṣe ló kàn ń sùn lé e lórí."

Ìyá Rìsí, oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú, á dá a lóhùn pé, "Alhaja, ẹja lẹ wá rà àbí ẹ wá ṣe ìdánwò fún wa?"

"Ẹja ni. Mo fẹ́ kó tutù délé ni."

"Ilé yín tó wà lọ́ọ̀ọ́kán níbí yìí! Kí ẹja tó mọ̀ pé òun ti kúrò lọ́jà, ó ti wà nínú ìkòkò yín!"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí àwọn oníbàárà mìíràn á fi máa fajú ro. Lọ́jọ́ kejì tí Màmá kú, Ìyá Rìsí gbé abọ́ ẹja ńlá kan wá sílé wa. Ó ti fọ́ yìnyín orí rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ni yóò wá máa bá mi jà báyìí?"

Ìgbà kan, èmi pẹ̀lú rẹ̀ wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní Ìkòròdú Gáréèjì. A ò tíì dé Ìtòìkín tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú. "Dírẹ́bà, bíréèkì rẹ ń rùn."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Òórùn ọ̀nà ni."

"Ọ̀nà kì í rùn báyìí. Dúró."

Ó sọ ọ́ títí dírẹ́bà fi dúró. Òun àti kọ̀ndọ́kítọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n fọwọ́ kan táyà, wọn ò rí nǹkan kan. Ni àwọn èrò bá bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ní ìsọmọlórúkọ lòun ń lọ, ṣé wọ́n á so ọmọ náà rọ̀ láìlórúkọ dé òun ni. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní kí àwọn àgbà tó bá ń bẹ̀rù ọkọ̀ máa jókòó sílé wọn. Màmá ṣí báàgì rẹ̀, ó mú dàbínù tó rà sílẹ̀ fún ìṣínu ààwẹ̀ tó ń bọ̀ jáde, ó ń pín in láti ìjókòó dé ìjókòó. Ó ní, "Ẹ gbà, ẹ fi mú ẹnu dùn, kẹ́ ẹ bú mi dáadáa. Inú mi dùn pé gbogbo yín wà láyé láti bú mi." Ẹ̀rín gba ọkọ̀ kan. Nígbà tí a máa fi gbéra, obìnrin ìsọmọlórúkọ yẹn ti gbé orí lé Màmá léjìká, ó ń sùn.

Ohun tó jẹ́ kí n dúró déédéé nínú ẹ̀sìn mi, ó ní ọwọ́ Màmá nínú. Ilé-kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ní Lasunwon, ọ̀gá wa níbẹ̀ sì jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Nígbà tó gbọ́ irú ẹ̀rọ tí Màmá ti ṣiṣẹ́, ó wá kí i nílé. Ó ní, "Alhaja, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ẹni tó fẹ́ dá oòrùn sáyé kò máa bá Ọlọ́run figa gbága?"

Màmá fi àga fún un. Ó ní, "Ọ̀gá, nígbà tẹ́ ẹ bá kọ álífù sórí wàláà, tí ọmọ ń wò ó, tó ń kọ tirẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ sábẹ́ ẹ̀, ṣé ó ń bá yín figa gbága ni?"

"Rárá o. Ó ń kọ́ ni."

"Ó dáa. Wàláà Ọlọ́run la wò. Tiwa ló rí wọ́gọwọ̀gọ. Gbogbo ìgbà tó bá dàrú mọ́ wa lọ́wọ́, ni mo máa ń rántí bí ti Ọlọ́run ṣe ń là lójoojúmọ́, tí kò pẹ́ rí. Ẹ̀rọ yẹn kọ́ mi ní ìtẹríba ju ibi púpọ̀ lọ."

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, tí wàláà ẹnikẹ́ni nínú wa bá rí wúruwùru, ohun tó máa ń sọ ni, "Ẹ má nà án. Oòrùn ló ń dá lọ́wọ́."

Bàbá àgbà wa ṣáájú rẹ̀ lọ. Gbogbo wa rò pé Màmá á wó, torí wọ́n jọ pẹ́ gan-an. Ó sunkún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ó ti pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀, ó sì pín iṣẹ́ fún wa: bàbá mi á máa gba àlejò, ìyá mi á máa pe àwọn tó wà lókèèrè, èmi á máa ka Kùránì tì í, Bọ̀dá Súràjù á máa sọ ìtàn ẹ̀fẹ̀ kan nípa bàbá wọn lẹ́yìn gbogbo ìrun. Bọ̀dá Súràjù ní, "Màmá, ìtàn ẹ̀fẹ̀ kẹ̀? Níbi òkú?" Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ooru yìí pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ. Tó bá dá lu èmi nìkan, á yọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ògiri pín in gbé."

Ẹ bá mi dúpẹ́ fún ẹ̀mí gígùn tí Ọlọ́run fún un. Ẹ bá mi bẹ̀ Ẹ́ pé kó mú ilẹ̀ rọrùn fún un, kó tan ìmọ́lẹ̀ tí kò ní kú sí ibùsùn rẹ̀, kó sì gbà á mọ́ra pẹ̀lú àwọn ẹni rere. Mo fi àdúrà yìí síbí kí n lè fi àyè ìkẹyìn sílẹ̀ fún ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí ààwẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn ń bọ̀ lọ́nà.

Ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́ nígbà náà, mo sì lọ ń bá a gbé. A kírun Aláásárì tán, a ṣì wà lórí ẹní ní gbọ̀ngán tó kọjú sí ọ̀sà. Fóònù rẹ̀ dún, ìpè olójú-kojú, láti ìlú òyìnbó. Mo gbé e. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun yọjú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ sọ. Bó ṣe yé mi ni mo ṣe ń kọ ọ́.

"Ṣé ọ̀dọ̀ Sálámátù nìyí? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé Pítà ni."

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó wò ó títí. "Pítà. O ti hu irùngbọ̀n."

"Ó ti pẹ́ tó ti hù, mà."

Pítà wá ṣàlàyé pé òun náà ti di ẹni tó ń jókòó sídìí yìnyín, níbi ẹ̀rọ mìíràn tó tóbi ju tìgbà yẹn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìlà kan mì lójú òun, òun sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ni ìwádìí náà sunkún níwájú òun, ó ní òun ti pa iṣẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn tí òun sọ fún Màmá gan-an. Láti ìgbà náà, ọwọ́ òun kì í fẹ́ sún mọ́ bọ́tìnnì mọ́. Òun ti sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn sórí àga yẹn.

Ó ní, "Mo wá padà sí ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ wa yẹn. Kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí lè ṣe ohun tí tìgbà yẹn ò lè ṣe. Mo ní kó máa bá iná náà lọ láti ibi tẹ́ ẹ ti pa á, ká rí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀."

Ohun tí Màmá ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọjọ́ yìí ló dé yìí.

"Kí ló sọ?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ fún yín."

"Pítà, mo ti darúgbó. Sọ ọ́ kí n tó sùn lọ."

"Ó ní ìlà náà ì bá mì díẹ̀ sí i, ì bá sì fara balẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe tún un ṣe, ibì kan náà ló ń já sí. Iná náà kì bá tí dàrú, mà."

Mo na ọwọ́ láti gba fóònù náà. Ó fi ìgúnpá tì mí sẹ́yìn.

"Nígbà náà, lásán ni mo pa iṣẹ́ rẹ. Dárí jì mí, ọmọ mi."

"Èmi ni mo wá tọrọ ìdáríjì! Mo rò pé kò dùn yín ni. Mo rò pé ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó mọ bí ọwọ́ yín ṣe máa rí lọ́jọ́ yẹn."

"Ó tutù," ni Màmá wí. "Títí dé apá."

"Ká ní ẹ mọ ohun tí mo sọ yìí nígbà náà ńkọ́?"

"Mi ò bá má tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tí wọ́n bá sì fi rọ́pò rẹ ò ní mọ̀. Lọ bá ọmọbìnrin yẹn. Má fi ẹnu lásán bẹ̀ ẹ́ o, bá a wá àyè mìíràn tó máa fi dá iná rẹ̀, àyè tí ẹnikẹ́ni ò bá ìwọ wá. Tó o bá ti ṣe ìyẹn, padà sórí àga rẹ."

Pítà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ó dáa, mà. Màá padà."

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀ngàríbì. Nígbà tí Màmá gbé fóònù sílẹ̀ lórí ẹní, mo ń wò ó bí ẹni tó gba ìròyìn burúkú, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tù ú nínú. Mi ò tíì rí i tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń ti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún wá, ó ń fọwọ́ lu itan, gbogbo ara rẹ̀ ń mì. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Kúdírá, mo ṣìṣe! Mo ṣìṣe, ẹ̀rọ ò bàjẹ́, ọmọ mi sì ti bá mi sọ̀rọ̀. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ máa yọ Ọlọ́run lẹ́nu lé lórí?"